Ọ̀dà Ìdí Ṣòkòtò

Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá fẹ́ mọ ohun tí tẹlifíṣọ̀n kò fi hàn nínú bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ ló ń gbà lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ta ni kò mọ iye góòlù? Fóònù ti sọ ìyẹn fún olúkúlùkù lórí ibùsùn rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá gbọ́ ni pé rẹfirí kọ́kọ́ ta eyín kó tó fọn fèrè, pé kóòṣì bú agbábọ́ọ̀lù kan bí ẹni ń bú ọmọ tó da omi nù, pé obìnrin kan sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì jí lásìkò tó yẹ láti pàtẹ́wọ́. Alágbàfọ̀ á máa rò ó bó ṣe ń wọ́n omi sára ṣẹ́ẹ̀tì, irin gbígbóná á sì máa dún ṣìì níbi tó yẹ kí èrò ti hó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìí. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, lábẹ́ "A Ń Fọṣọ, A Ń Lọṣọ", lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi ju ti iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé Ẹlẹ́rìí kò fojú kan koríko pápá náà mọ́ láti bíi sáà mẹ́ta sẹ́yìn.

Àwọn olówó kan ló ra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe. Owó ìwọlé ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Ó gòkè bí ẹni tí ajá ń lé, ó sinmi díẹ̀, ó tún gòkè. Nígbà tó yá, owó tí Ẹlẹ́rìí fi ń wọlé tẹ́lẹ̀, tí á tún kù tí á fi ra ẹ̀pà, kò tó ra omi mímu mọ́ níbẹ̀. Bíríkìlà, tó máa ń jókòó tì í, pa á tì. Ó ní òun ò lè fi owó sìmẹ́ńtì wo ẹni tó ń sáré. Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì, ní owó ìfẹ̀yìntì òun àti tíkẹ́ẹ̀tì kì í kí ara wọn mọ́. Ẹlẹ́rìí nìkan ló dìde dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, tó sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́ pé, "Èmi ò lè jókòó sílé! Bó bá gba kí n ta irin, màá tà á!"

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó dé ẹnu géètì tó rí iye tí wọ́n kọ sára pátákó. Ó kà á, ó tún un kà, bí ẹni pé ìwé tóun kà ni kò tó.

Báwo ni yóò ṣe yíjú padà? Gbogbo òpópónà ló ti kí i pé ó dàbọ̀, òun pẹ̀lú ìborùn pupa ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Ó bá yà sí tóóró ọ̀nà kan tó wà láàárín ògiri pápá àti ilé tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì, ó fara ti ògiri, ó sì ń fetí sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ló di ìjókòó rẹ̀. Ó mọ ariwo góòlù, ó mọ ariwo ó-kù-díẹ̀, ó mọ ìdákẹ́jẹ́ ẹni tó fara pa. Bí ìdajì bá pé, á sáré lọ sí ilé ìwòran kan lódìkejì ìlú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, á wo èyí tó kù níwájú tẹlifíṣọ̀n tí gíláàsì rẹ̀ ti sán. Ìyókù, ẹnu ló fi ń parí rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, nítorí pé kò sí ẹnì kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ tó lówó tó fi lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àfi ọjọ́ Mọ́ńdè tí Akọ̀wé wọlé.

Akọ̀wé ni àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba owó omi ẹ̀rọ, ẹni tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ tún táì rẹ̀ ṣe. Ó kó ṣòkòtò méjì sórí káúńtà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ara mi ò tíì balẹ̀. Èrò tó wà ní pápá lọ́jọ́ Sátidé kì í ṣe kékeré."

Irin dúró lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìí. "Pápá wo?"

"Ẹ̀gbọ́n náà! Pápá mélòó ni a ní? Mo wà níbẹ̀. Mo ti ń lọ fúngbà díẹ̀, n ò kàn pariwo ni."

"O jókòó níbo?"

"Iwájú," Akọ̀wé ní. "Iwájú gan-an. Bí mo bá na ọwọ́ sẹ́yìn, mo lè fọwọ́ kan koríko." Ó wo ìta díẹ̀, ó tún wo Ẹlẹ́rìí. "Mo sì wá yín títí. N ò rí yín."

Òórùn aṣọ jíjó ló gba Ẹlẹ́rìí sílẹ̀. Ó gbé irin kúrò, ó bú irin, ó bú ẹni tó ṣe irin, ó bú iná mànàmáná, ó sì ti rí èsì kó tó bú wọn tán. "Mo ti pààrọ̀ ìjókòó. Òkè ni mo wà báyìí. Atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀."

"Ẹ kú ìgbádùn, sà," ni Akọ̀wé wí, ó sì jáde.

Sà ọ̀hún ni kò jẹ́ kí Ẹlẹ́rìí jẹun dáadáa. Irú sà wo nìyẹn? Ṣé ti ọ̀wọ̀ ni, àbí ti ẹni tó mọ nǹkan? Ó ro ti owó náà wò. Iwájú ló wọ́n jù. Àwọn tí awakọ̀ wọn ń dúró dè wọ́n níta ni wọ́n ń jókòó síbẹ̀. Níbo ni agbowó omi ti rí i? Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń ká aṣọ.

"Ìyá Ìbejì, ṣé ò ń fún àbúrò rẹ lówó?"

"Owó wo, Bàbá Ìbejì? Èyí tí ẹ fún mi ni àbí èyí tí ẹ gbàgbé láti fún mi?"

"Ó ń jókòó síwájú ní pápá."

Obìnrin náà ká ṣẹ́ẹ̀tì kan tán pátápátá kó tó dáhùn. "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Aṣọ ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń fọ̀. Bí aṣọ bá lẹ́nu ni, ẹ̀ bá ti dákẹ́."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kọ ọkọ rẹ̀ lóminú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ẹlòmíràn kì í ráàyè wẹ̀yìn ara rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀: aṣọ! Bó ṣe di pé obìnrin náà bọ́ sẹ́yìn ilé, ó fa ṣòkòtò Akọ̀wé yọ, ó na ìdí rẹ̀ sábẹ́ iná, ó sì wò ó bí oníṣègùn ṣe ń wo ojú aláìsàn.

Kò sí ọ̀dà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ti ọ̀dà. Ní ẹ̀gbẹ́ tí kámẹ́rà ń jókòó lé lórí, tí tẹlifíṣọ̀n kì í fi hàn láéláé, bẹ́ńṣì pákó ló wà níbẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń kùn wọ́n, irú ọ̀dà tí kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Bí oòrùn bá mú, á rọ̀. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ á mú ilà ewé méjì bọ̀ nídìí, kẹrosíìnì nìkan ló sì ń yọ ọ́. Láyé ìgbà tí owó ìwọlé kò tíì gòkè, àwọn ọkùnrin àdúgbò kì í tètè mú irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ wá fún fífọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ kiri títí di Wẹ́sídè, kí àwọn èèyàn lè rí i. Ẹlẹ́rìí ti yọ ọ̀dà ewé lára ṣòkòtò bàbá, ó ti yọ ọ́ lára ti ọmọ. Ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí bẹ́ńṣì Akọ̀wé wà, nítorí ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fún Bíríkìlà pé abẹ́ kámẹ́rà lòun máa ń wà.

Ẹlẹ́rìí ká ṣòkòtò náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Òpùrọ́! Ọkùnrin tó wọ táì! Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ò purọ́ rí láyé.

Bí kì í bá ṣe ti àṣekágbá, ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ síbẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn já síwájú títí, ó sì ku ìdíje ìkẹyìn, èyí tí wọ́n máa gbá ní pápá wọn níbí. Owó ìwọlé ọjọ́ náà jẹ́ èyí tí èèyàn ń gbọ́ tó ń béèrè bóyá pápá ni wọ́n ń tà. Ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ gbà ní gbangba pé èyí ju òun lọ. Tíṣà ló wá mú àbá kan wá: kí gbogbo wọn dáwó, kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí wọ́n sì yan ẹnì kan tó máa lọ bá gbogbo wọn wò ó.

"Ojú kan fún gbogbo wa," Tíṣà ní. "Ẹni tí a lè gbà gbọ́."

Gbogbo wọn wo Ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí wolẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ẹ má rò pé orúkọ ara ilẹ̀kùn nìkan ló ń wá. Ọkùnrin náà fẹ́ wọlé. Ó ti sú u láti máa gbọ́ ayọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri bí ẹni tó jẹ gbèsè. Tíkẹ́ẹ̀tì yìí yóò tún irọ́ sáà mẹ́ta ṣe fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Àmọ́ Bíríkìlà họ orí. "Akọ̀wé náà ńkọ́? Akọ̀wé ń jókòó síwájú. Ọ̀rẹ́ mi Ẹlẹ́rìí ń jókòó sókè, níbi tí atẹ́gùn wà. Ta ló máa rí i dáadáa jù?"

Wọ́n bá fi í sí ọ̀sán Sọ́ńdè, kí àwọn méjèèjì wá sọ tẹnu wọn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà, ṣọ́ọ̀bù kún. Tíṣà jókòó lórí àga kan ṣoṣo tó ní ìfẹ̀yìntì, Bíríkìlà jókòó lórí ẹrù aṣọ ẹni ẹlẹ́ni, àwọn yòókù dúró láàárín kóòtù tí wọ́n fi kọ́. Ìyá Ìbejì wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń to bọ́tìnnì, kò wo ẹnikẹ́ni.

"Akọ̀wé," Tíṣà ní, "rò fún wa. Sátidé tó kọjá."

Akọ̀wé tún táì ṣe. "Baba kan wà tó gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká. Nígbà tí góòlù wọlé, ọmọ náà fi ọwọ́ bo ojú baba rẹ̀, baba náà ò rí nǹkan kan. Ó ń fò sókè ṣáá, ó ń bi gbogbo èèyàn pé ta ló gbá a. Ọkùnrin olówó kan sì dìde láti hó, eyín àtọwọ́dá rẹ̀ bọ́ sínú ife ọtí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mu ọtí náà, ó sì fi ahọ́n gba eyín rẹ̀ padà."

Ẹ̀rín sọ. Bíríkìlà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú kúrò lórí ẹrù. Ara fu Ẹlẹ́rìí. Kò dùn mọ́ ọn rárá bó ṣe dùn tó.

"Ẹ dákẹ́ ná," ó ní. "Ẹ̀yin ò ṣàkíyèsí nǹkan. Ọ̀rọ̀ èrò ṣáá ló ń sọ. Kì í sọ ti bọ́ọ̀lù. Ẹ bi í kó ṣàlàyé góòlù náà!"

Akọ̀wé tún fọwọ́ kan táì rẹ̀. "Góòlù... gbogbo yín ṣáà ti rí góòlù."

"Ẹ rí i?" Ẹlẹ́rìí bọ́ sí àárín ṣọ́ọ̀bù. Ó fa ṣòkòtò jáde lábẹ́ káúńtà, ó gbé e sókè níwájú gbogbo wọn, ó yí ìdí rẹ̀ sí Tíṣà. "Àna mi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún àna mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi nìyí. Ẹni tó ń ti abẹ́ kámẹ́rà bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀dà ewé ńkọ́? Ilà méjì tí gbogbo wa mọ̀ ńkọ́? Tíṣà, ẹ fọwọ́ kàn án. Mọ́ńdè ló kó o wá, n ò tíì fọ̀ ọ́. Ìdí yìí kò dé pápá rí!"

Ìyá Ìbejì dáwọ́ bọ́tìnnì dúró, ó pa ojú dé.

Akọ̀wé ń wo Ẹlẹ́rìí pẹ̀lú ojú ẹni tó rí àgbàlagbà tó gbàgbé láti de ìgbànú. Ó rọra sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n... bẹ́ńṣì wo?"

"Bẹ́ńṣì pákó! Bẹ́ńṣì wo tún ni?"

"Wọ́n ti wó wọn. Ó ti pẹ́. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ fowó lé e gan-an ni. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń gba owó náà nìyẹn. Àga oníke ló wà níbẹ̀ báyìí, funfun, ó ní ibi ìfẹ̀yìntì, ó tún ní ihò tí wọ́n ń ki ife sí. Kò lọ́dà rárá." Ó wolẹ̀. "Àtòkè àtìsàlẹ̀ ni o. Òkè níbi tí atẹ́gùn wà náà, àga oníke ni."

Ṣòkòtò ṣì wà lókè lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìí. Kò mọ ohun tó máa fi ṣe. Ó ká a. Ó tún un ká.

"Ẹlẹ́rìí," ni Bíríkìlà pè é, bí ẹni tó ń pe ẹni tó ń sùn. "Ìgbà wo lo wọ pápá kẹ́yìn?"

Ìyàwó rẹ̀ ló fèsì, kò sì gbé ohùn sókè. "Ẹ gbóòórùn ìborùn rẹ̀. Búrẹ́dì ló ń rùn. Láti sáà mẹ́ta ni mo ti ń fọ búrẹ́dì lára ìborùn bọ́ọ̀lù."

"Áà!" Bíríkìlà la ẹnu. "Mo ní kí ló dé tí ebi máa ń pa mí bó bá ń rò ó!"

Ẹ̀rín tó sọ lọ́tẹ̀ yìí, irin gbígbóná kò lè gbóná tó o lára Ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ máàkì iṣẹ́ àmúrelé kì í fura sí ẹnì kan ṣoṣo. Ó yí ojú sí Akọ̀wé.

"Ìwọ ńkọ́? Iwájú lo wà, o ò sì lè ṣàlàyé góòlù?"

"Mo kẹ́yìn sí i, sà."

"O sanwó iwájú láti kẹ́yìn sí i?"

"Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ mi." Táì rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò tún un ṣe. "Àwọn ni wọ́n ń fún mi lówó. Mo wà lára àwọn tó ń ṣọ́ èrò. Ojú èrò la gbọ́dọ̀ kọ sí, a ò gbọ́dọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó bá wẹ̀yìn wò, wọ́n á ní kó máa lọ ilé. N ò lówó tíkẹ́ẹ̀tì, n ò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ níbiṣẹ́ pé Akọ̀wé ń pariwo ẹ-jókòó-ẹ-jókòó. Mo ti wà níbi góòlù gbogbo ní sáà yìí. N ò rí ọ̀kan."

Ìyá Ìbejì nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú ẹ̀wù aláìlápá kan jáde, ó yẹ́lò bí ìyeyè, ó gbé e kọ́ sí iwájú àbúrò rẹ̀. "Ó ti gbẹ," ó ní.

Àríyànjiyàn ọjọ́ náà gùn. Wọ́n ní kí Bíríkìlà lọ, ẹnì kan sì ní á ta tíkẹ́ẹ̀tì náà lẹ́nu géètì; Bíríkìlà búra, ìbúra náà sì yá jù. Wọ́n ní kí Tíṣà lọ, Tíṣà ní ojú òun kò ríran kọjá gíláàsì. Kò sí ẹni tó gba ẹnì kejì gbọ́ mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Níkẹyìn, Tíṣà dájọ́.

"Ẹlẹ́rìí ni yóò lọ. Ó mọ bọ́ọ̀lù, ó sì mọ bí a ṣe ń rò ó, kódà láti ẹ̀yìn ògiri. Ṣùgbọ́n ibi tí Akọ̀wé dúró sí la máa ra ìjókòó rẹ̀. Akọ̀wé, ojú rẹ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá dìde lọ sí ilé búrẹ́dì, wá sọ fún wa."

Báyìí ni Ẹlẹ́rìí ṣe padà wọ pápá. Àga oníke náà tutù, ó sì ń yọ̀. Iwájú rẹ̀ ni àna rẹ̀ dúró sí nínú ẹ̀wù yẹ́lò, ó kẹ́yìn sí koríko, ó tẹjú mọ́ ọn bí ọlọ́pàá. Ẹlẹ́rìí náà tẹjú mọ́ ọn padà. Kí ló ń wò? Ṣé ó ń retí kóun ṣàṣìṣe ni? Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, ó ṣe díẹ̀ kí Ẹlẹ́rìí tó mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, ariwo kan ru sókè ní apá òsì. Akọ̀wé kò wẹ̀yìn wò, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú rẹ̀ gbéra. Ó ń béèrè. Ẹlẹ́rìí rò pé kóun ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó bá mi orí díẹ̀: ó kù díẹ̀. Èjìká Akọ̀wé rọ̀. Láti ìgbà náà, ọwọ́ Ẹlẹ́rìí ò sinmi lórí orúnkún. Ìka kan, ó já sápá ọ̀tún. Ìka méjì, wọ́n ti gbà á. Ọ̀kan ń wo bọ́ọ̀lù, ìkejì ń wo ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ṣọ́ọ̀bù kún bámúbámú. Ẹlẹ́rìí sọ òótọ́. Rẹfirí kò ta eyín. Kóòṣì ò bú ẹnikẹ́ni, omi ló ń mu. Bọ́ọ̀lù náà yá jù bó ṣe rò lọ. Góòlù tó gba ife fún wọn, kò rí i tán, nítorí ọkùnrin iwájú rẹ̀ gbé fóònù sókè.

"Owó wa nìyẹn?" ni Bíríkìlà bi í.

Tíṣà yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. "Akọ̀wé. Sọ òótọ́. Ṣé ó débẹ̀?"

"Ó débẹ̀, sà. Ẹ̀gbọ́n ni mo wò látòkè délẹ̀." Akọ̀wé sún mọ́ káúńtà. "Góòlù yẹn ẹ̀? Mo mọ̀ kí ariwo tó sọ. Ẹnu Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ ṣí díẹ̀, báyìí. Ọwọ́ wọn wá ń wá ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, wọ́n dì í mú. Wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó, wọ́n tún dìde. Ó wá dà bíi pé wọ́n ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pariwo. Omi ń dà lójú wọn, wọn ò nù ún."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù na ọrùn bí ẹni pé àwọn ló wà níbẹ̀. "Tún un sọ," ni Bíríkìlà wí. "Láti ibi ẹnu."

Ẹlẹ́rìí ń wo àna rẹ̀ láti ẹ̀yìn irin. Omi lójú kẹ̀? Òun kò sunkún. Ṣé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àbí ó fẹ́ gba orúkọ ara ilẹ̀kùn? Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó bọ́ sẹ́yìn ilé, ó fa ìborùn pupa náà yọ nínú aṣọ tí wọn ò tíì fọ̀. Kò rùn búrẹ́dì. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka yẹ etí rẹ̀ wò bó ṣe ń yẹ aṣọ oníbàárà wò, ó sì dé ibì kan tó ti gan díẹ̀, níbi tí omi oníyọ̀ ti gbẹ sí.

"Òógùn ni," ó ní.

Ìyá Ìbejì ń to bọ́tìnnì. Kò bi í léèrè.